Pátánì Súwẹ́tà àti Kádígàn Obìnrin fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ìhun: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Owó pátánì, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí a ṣe máa hun aṣọ, kọ́ ni owó súwẹ́tà. Púpọ̀ nínú pátánì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 6 sí 10 ni, òmíràn sì wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Òwú ni baba ìnáwó. Ní Ìlú Ọba níbí, òwú acrylic (òwú àtọwọ́dá) tó wọ́pọ̀ lè tó súwẹ́tà àgbàlagbà kan ní nǹkan bíi pọ́ùn 15. Bó bá jẹ́ òwú irun àgùntàn tí wọ́n fọwọ́ pa láró lẹ fẹ́, owó náà lè kọjá pọ́ùn 100 kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ wá fi oṣù kan tàbí méjì tẹ́ ẹ máa fi jókòó tì í kún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé pátánì wo ló dínwó jù, mo máa ń dáhùn pé èyí tẹ́ ò ní tú palẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Obìnrin tó ti mọ ojú ìhun méjì tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, ìyẹn knit àti purl, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti hun fìlà ọmọ tuntun tàbí ìborùn kan rí, ó wá fẹ́ hun nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ máa wọ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé aṣọ ọmọ la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹrù ìyá ọmọ wo ni wọn ò ní bá súwẹ́tà kékeré funfun àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nínú rẹ̀? Ẹni tó bá ti hun ìyẹn rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ tó wà nínú súwẹ́tà ìyá ọmọ. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ pátánì tó bá yàn.

Ta ló sọ pé ó rọrùn?

Gbogbo pátánì ló ń pe ara rẹ̀ ní "easy". Àjọ Craft Yarn Council ní Amẹ́ríkà ní ìpele mẹ́rin tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, láti Basic tó rọrùn jù dé Complex tó le jù, àmọ́ ẹni tó ń ta ọjà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ipele tí ọjà òun wà. Èmi kì í wo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ibi mẹ́ta ni mò ń wò: ọrùn, èjìká àti abíyá. Ìyókù ara súwẹ́tà kò yàtọ̀ sí ìborùn tó fẹ̀. Ẹ̀ ń hun, ẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bí pátánì bá ṣe gba ibi mẹ́ta yìí kọjá la fi ń mọ̀ bóyá ó rọrùn lóòótọ́.

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí a hun ún ní abala-abala. Ẹ ó hun ẹ̀yìn lọ́tọ̀, iwájú lọ́tọ̀, apá méjèèjì lọ́tọ̀, lórí abẹ́rẹ́ gígùn méjì, ẹ ó wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé abala kọ̀ọ̀kan kéré, kò wúwo lọ́wọ́, ẹ lè gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Ojú rírán tún máa ń di aṣọ mú kó má fà lọ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ ò ní mọ̀ bó ṣe máa rí lára yín àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá rán an tán. Rírán náà sì ń kọ́? Mo mọ obìnrin mẹ́ta tí súwẹ́tà wọn ṣì wà nínú ọ̀rá láti ọdún tó kọjá, wọ́n ti hun ún tán, rírán ló kù.

Ọ̀nà kejì ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, kí a máa hun yípo bọ̀ wá sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ olókùn, ìyẹn abẹ́rẹ́ méjì tí okùn so pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní raglan. Ìlà mẹ́rin ló ń ti ọrùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí abíyá, níwájú àti lẹ́yìn. Ní gbogbo ìyípo kejì, ẹ ó fi ojú kan kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ojú kan kún ẹ̀gbẹ́ òsì ìlà kọ̀ọ̀kan. Ojú 8 nìyẹn, kò sí ìṣirò míì níbẹ̀. Tí ẹ bá dé abíyá, ẹ ó fi òwú kan kó ojú ti apá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó máa hun ara lọ, ẹ ó sì padà wá sórí apá nígbà tó bá yá. Kò sí rírán kankan, àfi abíyá tẹ́ ẹ máa fi abẹ́rẹ́ dí ihò rẹ̀. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé ẹ lè wọ̀ ọ́ wò nígbàkigbà. Bó bá kúrú, ẹ fi kún un. Bó bá ń fún àyà, ẹ mọ̀ nígbà tó ṣì ṣeé tú. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tẹ́ ẹ bá dé orí apá, gbogbo súwẹ́tà ti wà lórí itan yín, ẹ ó sì máa yí i bí ẹni ń yí ọlọ. Ẹ tún gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ìyípo tó kéré, nítorí pé okùn abẹ́rẹ́ gígùn kì í gba apá.

Èyí tó ń jẹ́ drop shoulder, ẹni tó bá ti mọ bùbá ti mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ gún régé, apá rẹ̀ gún régé, kò sí pé a ń gé ihò apá roboto. Ìlà èjìká máa ń wálẹ̀ sórí apá gan-an bíi ti bùbá. Ó rọrùn láti hun, ìṣirò rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí bùbá ṣe ń fẹ́ àyè náà ló ń fẹ́ àyè. Ẹ má ra pátánì drop shoulder tó fún, abíyá rẹ̀ máa ká jọ gbínrín.

Oríṣi kan wà tó ní àyíká roboto ní èjìká, tí wọ́n sábà ń fi òwú aláràbarà ṣe. Ó dára lójú. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà kẹta.

Bó bá jẹ́ èmi ni, raglan láti ọrùn ni màá kọ́kọ́ rà. Obìnrin tí ọwọ́ máa ń dùn, tí kò lè gbé nǹkan wúwo lórí itan fún wákàtí méjì, alábala-abala ló yẹ ẹ́, bó ti wù kó kórìíra rírán tó.

Mẹ́rin tí mo gbé síra wọn

| | Flax, ti Tin Can Knits | No Frills Sweater, ti PetiteKnit | Pátánì DROPS | Ìwé pélébé Sirdar tàbí King Cole |
|---|---|---|---|---|
| Owó | Ọ̀fẹ́ | Rírà | Ọ̀fẹ́ | Rírà, kò wọ́n |
| Bí a ṣe ń hun ún | Láti ọrùn, yípo | Láti ọrùn, yípo | Oríṣiríṣi | Abala-abala lọ́pọ̀ ìgbà |
| Àlàyé | Púpọ̀, pẹ̀lú àwòrán | Ó tó, fídíò sì wà | Kúkúrú, fídíò sì wà | Ṣókí |
| Ẹni tó bá mu | Ẹni tí kò hun súwẹ́tà rí | Ẹni tó fẹ́ kí ọrùn jókòó dáadáa | Ẹni tó fẹ́ yan nínú ọ̀pọ̀ | Ẹni tó ti mọ èdè pátánì |

Flax ni mo fi kọ́ ìhun súwẹ́tà. Àwọn obìnrin méjì, Alexa Ludeman àti Emily Wessels, ló ni Tin Can Knits, wọ́n sì kọ àkójọ kan tí wọ́n pè ní The Simple Collection láti fi kọ́ èèyàn ní ìhun lọ́fẹ̀ẹ́. Flax wà nínú rẹ̀. Ó ní ìwọ̀n láti orí ọmọ tuntun dé àgbàlagbà tó sanra, ẹ lè fi ti ọmọ dánra wò ní ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó bọ́ sí tiyín. Abẹ́rẹ́ mílímítà 5 ni fún ara rẹ̀, mílímítà 4 fún etí rẹ̀, ojú 18 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo tó ní ni ìlà híhá tó ń gba orí apá láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú èyí tí mo hun ni ọrùn rẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn ga bákan náà, ó wá ń kan mí ní ọ̀fun. Bó bá jẹ́ òwú tó ń yún ara lẹ lò, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Ibẹ̀ gan-an ni No Frills ti fi owó tẹ́ ẹ san hàn. Mette Wendelboe Okkels, obìnrin Denmark kan, ló ni PetiteKnit. Raglan náà ni, ṣùgbọ́n kí ìyípo tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ ó hun ìlà díẹ̀ tí kò dé iwájú, ẹ̀ ń lọ ẹ̀ ń yí padà láàárín ọ̀nà, kí ẹ̀yìn ọrùn lè ga ju iwájú lọ. Short rows ni wọ́n ń pè é. Wákàtí kan péré ló ń gbà lára iṣẹ́ yín, àmọ́ òun ló ń mú kí súwẹ́tà dà bí èyí tí wọ́n rà nílé ìtajà. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí máa bínú lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wo fídíò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó ojú sórí abẹ́rẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dàrú.

DROPS jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ní Norway. Òwú ni wọ́n ń tà, wọ́n wá ń fún èèyàn ní pátánì lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè ra òwú wọn. Pátánì wọn pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kà tán lọ, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ èdè. Àléébù ibẹ̀ ni pé àlàyé wọn ń sáré. Gbólóhùn kan lè gbé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí ìwọ̀n mẹ́fà tò sínú rẹ̀ láti S dé XXXL, kí ojú yín sì máa fò láti ọ̀kan sí èkejì. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, màá fi bírò pupa yí nọ́ńbà ìwọ̀n tèmi po láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan òwú. Ohun tó dára gidi lára DROPS ni àwòrán kékeré tó wà nísàlẹ̀, tó fi sẹ̀ǹtímítà ibi gbogbo lára aṣọ hàn. Mo ti rí pátánì tí wọ́n ń gbowó lé lórí tí kò ní i.

Ìwé pélébé àwọn ilé iṣẹ́ òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Sirdar àti King Cole ni àwọn ìyá tó wá sí Ìlú Ọba nígbà àtijọ́ mọ̀. Ẹ ṣì máa rí i ní ìsọ̀ òwú, ẹ tún máa rí àwọn àtijọ́ rẹpẹtẹ ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù fún àánú, ní owó táṣẹ́rẹ́. Òwú DK, ìyẹn òwú tó tín-ín-rín díẹ̀, ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó kọ wọ́n rò pé ẹ ti mọ nǹkan. Yóò kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ ṣe apá òsì bíi ti ọ̀tún, kẹ́ ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà, yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Fún ẹni tó ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń hun nítòsí, kò sí ọjà tó dára tó o. Ẹni tó dá wà, kó ra nǹkan tó ní fídíò.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ohun tí pátánì kan ṣe lára èèyàn gidi, ẹ lọ sórí Ravelry, ìkànnì àwọn tó ń hun nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2007 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni kéèyàn wọlé síbẹ̀. Àwọn tó ti hun ún máa ń gbé àwòrán tiwọn síbẹ̀, wọ́n á sọ òwú tí wọ́n lò, ibi tí wọ́n ti ṣì í, bó ṣe le tó. Mi ò kì í wo àwòrán ẹni tó ń tà á mọ́. Obìnrin tó láyà bíi tèmi, tó nídìí bíi tèmi, ni mò ń wá nínú àwọn tó ti hun ún. Bí mo bá rí mẹ́ta tó wù mí lára wọn, mo rà á.

Àwòrán tún ní ọ̀ràn kan nínú báyìí. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá àwòrán súwẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò hun rí, wọ́n á fi pátánì jákujàku sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì gbowó. Ẹ fẹ àwòrán náà tóbi. Bí ojú ìhun bá ń yọ́ wọnú ara wọn bí àmàlà, tí bọ́tìnnì kò ní ihò tó dojú kọ ọ́, tí kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo láyé tó ti hun ún, ẹ pa owó yín mọ́.

Nọ́ńbà 8 tó ṣe mí léṣe

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní Leeds, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fún mi ní àpò abẹ́rẹ́ ìhun rẹ̀. Ó ti rà wọ́n kí wọ́n tó bí mi. Nọ́ńbà wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pátánì Amẹ́ríkà tí mo ní lọ́wọ́ sọ pé abẹ́rẹ́ 8, mo sì rí 8 nínú àpò, inú mi dùn. Mo kó ojú 90 fún ẹ̀yìn, mo kó 90 fún iwájú. Ojú 18 ló yẹ kó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà abala kọ̀ọ̀kan yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, kí gbogbo àyíká jẹ́ 100.

Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, 41 ni. Mo tún un wọ̀n. 41 náà ni. Nígbà tí mo máa rán an tán, àyíká rẹ̀ kò ju 82 lọ, ọmọ àbúrò mi tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ báyìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà Amẹ́ríkà ń lọ sókè bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń sanra sí i, nọ́ńbà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń lọ sílẹ̀. Mílímítà 5 ni nọ́ńbà 8 ní Amẹ́ríkà, òun náà ló ń jẹ́ nọ́ńbà 6 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mílímítà 4 ni nọ́ńbà 8 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì ń jẹ́ 6 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ fún ara wọn bí ìbejì aláwàdà. Pátánì náà ti kọ mílímítà síbẹ̀, èmi ni ò wò ó. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó ní, "Ìwọ náà ò kọ́kọ́ hun pélébé kan wò ni?"

Pélébé tó ń sọ yẹn ni ìdánwò. Ẹ hun igun mẹ́rin kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa fọ súwẹ́tà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín rẹ̀. Bí ojú bá pọ̀ ju ti pátánì lọ, ẹ mú abẹ́rẹ́ tó sanra sí i. Bó bá dín, ẹ mú èyí tó tín-ín-rín. Ní ti ríra, mílímítà ni kẹ́ ẹ máa wò. Pátánì tí kò bá kọ ọ́, ẹ má rà á.

Ọ̀rọ̀ inú pátánì náà yàtọ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní gauge, ìyẹn iye ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tension. Bind off níbẹ̀, ìyẹn kéèyàn pa ojú dé ní ìparí iṣẹ́, ni cast off níbí. Stockinette, ìyẹn ìlà kan knit, ìlà kan purl, ni stocking stitch. Seed stitch ti Amẹ́ríkà ni moss stitch ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà sì tún ní moss stitch tirẹ̀ tó jẹ́ nǹkan míì. Ẹ wo ìlú tí ẹni tó kọ ọ́ ń gbé.

Ìwọ̀n: ẹ bi í bí ẹni ń bi télọ̀

Télọ̀ gidi kì í gé aṣọ déédéé ara. Ó máa fi àyè sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni súwẹ́tà, pátánì kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye àyè tó fi sí i. Súwẹ́tà tó jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ sábà ń fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ju àyíká àyà lọ, èyí tó tú díẹ̀ ń fi 10 sí 15, èyí tó bò èèyàn mọ́lẹ̀ ń ju 15 lọ. Bí àyà yín bá jẹ́ 104, tẹ́ ẹ sì fẹ́ àyè 10, ìwọ̀n tó kọ 114 fún aṣọ tó ti parí ni tiyín, ohun yòówù kí lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ jẹ́. Àwọn ìwé àtijọ́ sábà ń kọ "to fit", ìyẹn ìwọ̀n ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Nísàlẹ̀ ni ìwọ̀n aṣọ fúnra rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ka èkejì ti kó sí gbèsè.

Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ mú súwẹ́tà kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn nílé, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n láti abíyá dé abíyá, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di méjì. Òun ni kẹ́ ẹ fi wá pátánì. Ẹ má sì gbàgbé òkè apá. Bí òkè apá yín bá kún, ẹ wo bóyá pátánì fi ìwọ̀n ibẹ̀ hàn kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí pé àwọn kan ń sọ ara di ńlá, wọ́n á fi apá sílẹ̀ bí apá ọmọdé. Ní ti ìdí, èyí tí a hun láti ọrùn kò níṣòro. Ẹ̀ ń hun bọ̀, ẹ dé ìbàdí, ẹ fi ojú kún un tàbí kẹ́ ẹ fi etí rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láì pa wọ́n pọ̀.

Òwú wo ló bá pátánì wo lọ?

Ẹ gba mí láàyè kí n ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní súwẹ́tà 114 yẹn náà ni, tí ara rẹ̀ láti abíyá dé ìsàlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Bó bá jẹ́ òwú tó sanra díẹ̀, ojú 18 àti ìlà 22 nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ojú 205 ni nínú ìyípo kan, ìyípo 88. Ó lé díẹ̀ ní ojú 18,000. Bó bá jẹ́ DK, ojú 22 àti ìlà 30, ó di ojú 251 ní ìyípo 120. Ó ti lé ní 30,000 nìyẹn, a ò tíì dé orí apá. Àwòrán méjèèjì lè jọra lójú, pátánì méjèèjì lè pe ara wọn ní easy, àmọ́ ọ̀kan fi ojú 12,000 ju èkejì lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tuntun pé kó wá pátánì tó ń lo abẹ́rẹ́ mílímítà 5.

Ẹ má wá sáré lọ bá èyí tó sanra jù o. Òwú tó tóbi bí ìka ń yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń mú èèyàn tó sanra dà bí àpò ìrẹsì, àṣìṣe kékeré sì ń hàn lára rẹ̀ láti òdìkejì títì.

Ẹ máa fi mítà ra òwú, ẹ má fi gíráàmù rà á. Stylecraft Special DK, tó jẹ́ acrylic, mítà 295 ló wà nínú gíráàmù 100. Òwú kọ́tìnnì DK sábà ń wà ní mítà 200 sí 230 péré nínú ìwọ̀n kan náà. Bí pátánì bá ń fẹ́ mítà 1,300, bọ́ọ̀lù acrylic 5 ti tó, kọ́tìnnì á gba 6 tàbí 7.

Mo mẹ́nu kan kọ́tìnnì nítorí àwọn tó wà nílé. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ọyẹ́ àárọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ibi iṣẹ́ ni kádígàn wà fún, irun àgùntàn sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì kì í fà padà bí irun àgùntàn. Bó bá ti fà, ó fà nìyẹn. Súwẹ́tà kọ́tìnnì tí kò ní ojú rírán kankan máa ń gùn sí i bó ṣe ń pẹ́, tí apá rẹ̀ á fi bo ìka. Níbí ni ọ̀nà àtijọ́ ti borí raglan mi: fún kọ́tìnnì, ẹ ra pátánì alábala-abala, kí ojú rírán èjìká àti ẹ̀gbẹ́ dì í mú.

Kádígàn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kéèyàn kọ́kọ́ hun súwẹ́tà kó tó hun kádígàn. Òótọ́ ni pé súwẹ́tà rọrùn jù. Bí a bá ń hun yípo, knit nìkan là ń ṣe. Kádígàn, nítorí pé iwájú rẹ̀ là, à ń lọ à ń bọ̀ ni, purl sì wà ní gbogbo ìlà kejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lórí wa. Ẹni tó di irun tuntun, ẹni tó wé gèlè, ẹni tó dé wíìgì, ta ló fẹ́ gba aṣọ orí wọ̀? Mo ní súwẹ́tà kan tó dára púpọ̀ tí mi ò lè wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí màá ti wé gèlè kí òtútù tó rán mi létí rẹ̀. Kádígàn ni mo ń wọ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà nínú méje.

Nínú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Harvest ti Tin Can Knits ni màá ní kẹ́ ẹ wò. Kọ́là rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ hun, ẹ ó wá fi abẹ́rẹ́ gbé ojú ìhun tuntun láti etí rẹ̀, ẹ ó sì máa hun bọ̀ wá sílẹ̀. Etí iwájú ń bá ara rẹ̀ lọ bẹ́ ẹ ṣe ń hun ún. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé etí iwájú, ibi tí bọ́tìnnì máa wà, ni ọ̀pọ̀ kádígàn ti ń bàjẹ́. Nínú púpọ̀ nínú pátánì yòókù, ẹ ó hun ara tán, ẹ ó wá gbé ojú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, kẹ́ ẹ hun etí náà lọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé ojú kan láti inú ìlà kọ̀ọ̀kan, etí náà á pọ̀ jù, á máa ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí etí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé díẹ̀, iwájú á sún sókè, ẹ̀yìn á gùn jù ú lọ. Ojú 3 láti inú ìlà 4 ló máa ń bá mi mu. Pátánì tó bá sọ iye ojú tẹ́ ẹ máa gbé fún ìwọ̀n yín gan-an, owó rẹ̀ tọ́ sí i. Èyí tó bá kàn sọ pé kẹ́ ẹ gbé ojú bó ṣe yẹ, ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́.

Bọ́tìnnì kẹ́yìn. Ẹ gbé aṣọ náà dání lọ sí ìsọ̀, kẹ́ ẹ ki bọ́tìnnì bọ ihò rẹ̀ níbẹ̀. Ìhun máa ń fà, bọ́tìnnì tó dà bíi pé ó tó ní ìsọ̀ lè máa já bọ́ nílé.

Ọdún tó kọjá ni mo hun ọ̀kan fún màmá mi ní Ìjẹ̀bú. Pátánì náà kò ní àpò, wọ́n sì ní àwọn ò lè wọ aṣọ tí kò ní ibi tí àwọn máa fi fóònù àti owó mọ́tò sí. Mo hun igun mẹ́rin méjì, sẹ̀ǹtímítà 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rán wọn mọ́ iwájú. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ lé ìró àti bùbá láàárọ̀. Bọ́tìnnì 7 ni mo kàn sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò tirẹ̀. Ti òkè pátápátá nìkan ni wọ́n ń dè.